Ta Ni Eyínfúnjowó?

Eruku ló kọ́kọ́ bá mi sọ̀rọ̀. Alhaji Jubril ṣílẹ̀kùn yàrá ìkẹ́rùsí Ẹgbẹ́ Aláàánú ní Òkè-Àgbò, ó fi orúnkún rẹ̀ tó ń dùn ún tiro wọlé, ó na ọwọ́ sí igun kan, ó ní, "Ibẹ̀ ló wà tẹ́lẹ̀. Ẹ wò ó fúnra yín, Màmá Ọlọ́pàá." Mo wò ó. Àwọn àga onítáyà wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀dì aláìsàn wà níbẹ̀, ọ̀pá ìtìlẹ̀ rẹpẹtẹ fara ti ògiri, eruku sì bo gbogbo ilẹ̀. Ní igun tí Alhaji nawọ́ sí, àmì onígun mẹ́rin kan wà nílẹ̀. Eruku wà lójú àmì náà pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ó fẹ́lẹ́ díẹ̀ ju ti àyíká rẹ̀ lọ.

"Ìgbà wo lẹ ní ó kúrò níbí?"

"Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni Rùfáì gbé e tà. Ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà ló kun ilé rẹ̀ ní ọ̀dà tuntun. Ṣé ẹ ò rí bí ọ̀rọ̀ ṣe so mọ́ra?"

Mo fi ìka kan eruku náà. Yàrá tí fèrèsé rẹ̀ máa ń wà ní títì kì í kó irú eruku bẹ́ẹ̀ jọ láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ̀rọ yìí ti fi ibẹ̀ sílẹ̀ kí Rùfáì tó mọ àwọ̀ ọ̀dà tó fẹ́ rà.

Ìbíkẹ́ lorúkọ mi. Mo ṣe iṣẹ́ ọlọ́pàá títí mo fi di Inspẹ́kítọ̀, mo fẹ̀yìntì, mo padà sí Ìjẹ̀bú-Igbó, mo rò pé màá máa sùn lọ́sàn-án. Ìlú ò gbà. Bí adìẹ ẹnì kan bá sọnù, ẹnu ọ̀nà mi ni wọ́n ń sáré wá. Ṣùgbọ́n tọ̀tẹ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ adìẹ. Ẹ̀rọ ọ́síjìn ló sọnù, èyí tó máa ń fún ẹni tí kò lè mí dáadáa ní afẹ́fẹ́. Ẹgbẹ́ Aláàánú, tí àwọn èèyàn mọ́ṣáláṣí wa dá sílẹ̀, máa ń yá àwọn aláìsàn ní irú ẹrù bẹ́ẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tó bá gbádùn á dá a padà. Ẹ̀rọ ọ́síjìn mẹ́ta ni wọ́n ní. Ọ̀kan wà nílé, wọ́n ní ọ̀kan wà lọ́wọ́ aláìsàn kan, ẹ̀kẹta ni a ò rí. Rùfáì ni olùtọ́jú yàrá náà, Alhaji Jubril ni alága.

"Mo ti gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀," Alhaji wí. "Ó ti kọ ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ sílẹ̀ ní tẹ́ṣàn, wọ́n ní kó padà wá lẹ́yìn Jímọ̀. Tí a bá kírun tán lọ́jọ́ náà, màá dìde, màá dárúkọ rẹ̀ nínú mọ́ṣáláṣí. Èmi kì í fi olè pamọ́."

"Ẹ jẹ́ kí n wádìí títí di ìgbà yẹn."

"Ẹ wádìí. Ẹyin tó fọ́, àgbà ọlọ́pàá ò lè lẹ̀ ẹ́ pọ̀."

Mo rẹ́rìn-ín. Mo fẹ́ràn kí ọkùnrin fọkàn tán ara rẹ̀ báyẹn, torí ibẹ̀ gan-an ni mo máa ń mú wọn.

*

Mo bá Rùfáì níwájú ilé rẹ̀. Ọ̀dà tuntun ń rùn, òun sì jókòó síbẹ̀ bí àlejò tí wọn ò tíì ní kó wọlé.

"Rùfáì, ta lo gbé ẹ̀rọ náà fún?"

"Màmá, òjò ń rọ̀ lọ́jọ́ náà. Aqeelah tó ń tẹ orúkọ sínú kọ̀ǹpútà ló jáde sí mi, ó ní, 'Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé ọ́síjìn kan sínú mọ́tò yẹn, mo ti kọ ọ́ sílẹ̀.' Mo gbé e. Obìnrin kan wà lẹ́yìn mọ́tò, ó fi ìbòrí bo imú nítorí òjò. N kò rí ojú rẹ̀."

"O ò sì bèèrè orúkọ?"

"Iṣẹ́ tèmi ni kí n gbé e, iṣẹ́ Aqeelah ni kó kọ ọ́."

"Aqeelah fúnra rẹ̀ ńkọ́?"

"Ó bímọ, iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbé e. Ó ṣì wà ní ọsibítù ní Ṣágámù, ara rẹ̀ ò tíì yá, wọ́n sì gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀ kó lè sinmi. Alhaji fẹ́ rán èèyàn sí i. Èmi ni mo ní kí wọ́n má ṣe bẹ́ẹ̀. Ìyá ọmọ tuntun ò yẹ lẹ́ni tí à ń kó ọ̀rọ̀ olè bá."

Mo tẹjú mọ́ ọn. Ọ̀dọ̀ ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo tó lè gbà á ló ń lé èèyàn kúrò. Bóyá ọ̀gá nínú irọ́ pípa ni, bóyá èèyàn dáadáa ni. Mo ti rí oríṣi méjèèjì, ẹ̀wù kan náà ni wọ́n ń wọ̀.

"Ọ̀dà yìí ńkọ́?"

Ó wo ògiri náà. "Yìgì Raheemah ọmọ mi ló ń bọ̀. Ìjọ kan náà ni èmi àti àwọn àna mi, wọn á wà níbẹ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀. Tí Alhaji bá dìde tó pè mí lólè lójú wọn, Màmá, ta ni yóò mú ọmọ olè wọlé?"

Mo fọwọ́ kàn án léjìká, mo sì lọ.

*

Farouk ló wà nídìí kọ̀ǹpútà láti ìgbà tí Aqeelah ti lọ bímọ. Ọmọ náà ń sáré sọ̀rọ̀, ó ń làágùn, mo sì kọ́kọ́ fura sí i fún ìdí yẹn nìkan.

"Ẹ wò ó, mà. Ibí nìyí."

Ó fi hàn mí. Ìwé kan gbọọrọ ni, tó ń yí lọ tí kò lópin. Orúkọ, àdírẹ́sì, fóònù, ẹrù tí wọ́n yá, ọjọ́ tí wọ́n gbé e, gbogbo rẹ̀ ló wà lórí ìlà kan. Ẹni tó bá yá ẹrù lẹ́ẹ̀mẹ́ta, wọ́n á tún gbogbo ìtàn rẹ̀ kọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ìlà tí Farouk nawọ́ sí kà báyìí: Eyínfúnjowó, ẹ̀rọ ọ́síjìn. Àyè àdírẹ́sì ṣófo, àyè fóònù ṣófo; ọjọ́ tó wà níbẹ̀ sì ti pẹ́ ju ọ̀sẹ̀ tó kọjá lọ, bí eruku ṣe sọ fún mi.

"Ta ni Eyínfúnjowó?"

"Kò sírú ẹni bẹ́ẹ̀, mà. Mo ti wá a lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, mo ti wá a láàárín àwọn ọmọ ẹgbẹ́. Alhaji ní Rùfáì ló hùmọ̀ orúkọ náà, tó pè é fún Aqeelah kó kọ ọ́."

"Ìwọ náà lè hùmọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn tí Aqeelah lọ."

Òógùn rẹ̀ pọ̀ sí i. "Kọ̀ǹpútà ń kọ orúkọ ẹni tó tẹ nǹkan, mà. Ẹ wo etí ìlà. Aqeelah ló tẹ ẹ́."

Òótọ́ ni. Mo bẹ̀ ẹ́ kó tẹ gbogbo ìwé náà jáde fún mi lórí bébà, ó ṣe é kíákíá, ó sì fi bisikíìtì lé e. Ẹni tó ń fún ọlọ́pàá ní bisikíìtì kì í sábà jẹ́ ọ̀daràn; ẹ̀rù ló ń bà á.

*

Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ìròyìn ayọ̀ kan dé. Ẹnì kan ní òun rí ẹ̀rọ ọ́síjìn tó ní àmì ẹgbẹ́ lára ní Òrù, nílé Alhaji Mukhtar. Èmi àti Farouk gun ọ̀kadà. Ìwé gbọọrọ yẹn gbé wa lọ sí àdírẹ́sì kan, a kanlẹ̀kùn, àjèjì ló yọjú. Alhaji Mukhtar ti kó kúrò níbẹ̀ tipẹ́. A tún wo ìwé, a rí i níbòmíràn tí wọ́n ti kọ àdírẹ́sì rẹ̀ tuntun; ẹnikẹ́ni ò rántí tún ti àtijọ́ ṣe.

Nígbà tí a débẹ̀, ẹ̀rọ náà ń kùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì ìyàwó rẹ̀. Farouk kígbe, "Alhamdulillah, a ti rí i!"

"Kí lẹ rí?" Alhaji Mukhtar bi wá. "Èyí tí mo yá nìyí, tí mo fọwọ́ sí. Ẹ wo ìwé yín."

Mo wò ó. Ìlà tirẹ̀ wà níbẹ̀: Mukhtar, ẹ̀rọ ọ́síjìn. Ti ẹni àìmọ̀ náà wà níbẹ̀: Eyínfúnjowó, ẹ̀rọ ọ́síjìn. Ìlà méjì, ẹ̀rọ méjì, orúkọ kan náà ni wọ́n pe ẹ̀rọ méjèèjì, kò sì sí àmì kankan tó yà wọ́n sọ́tọ̀. A ò lè mọ èwo ni èwo. Ohun tí a mọ̀ kò ju pé ọ̀kan ṣì wà níta lọ. Ní gbogbo ọ̀nà dé ilé, ojú Rùfáì lẹ́nu ọ̀nà yẹn kò kúrò níwájú mi.

*

Ẹ jẹ́ kí n sọ nípa Ọ̀rẹ́dọlá báyìí, nítorí láìsí i, ìtàn yìí ì bá parí sí tẹ́ṣàn. Ọmọbìnrin tó ń kọ́ni ní Ago-Ìwòyè ni. Ó ya ọ̀sán kan sọ́tọ̀ láàárín ọ̀sẹ̀, tó fi ń kọ́ àwa àgbààgbà bí a ṣe ń ṣètò dátábéèsì, ìyẹn bí a ṣe ń kó ọ̀rọ̀ pamọ́ sínú kọ̀ǹpútà lọ́nà tí kò fi ní dàrú. Mo forúkọ sílẹ̀ nítorí pé ọ̀sán gùn. Àwọn ọ̀rẹ́ mi rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ta ló ń fi ewú orí kọ́ kọ̀ǹpútà. Mo ní ewú náà ni yóò kọ́ ọ, orí ń bá a lọ ni.

Ọjọ́ kejì tí a ti Òrù dé ló bọ́ sí ọjọ́ kíláàsì wa. Mo kó ìwé gbọọrọ náà lọ. Ọ̀rẹ́dọlá wò ó, ó mí kanlẹ̀.

"Màmá, ẹ pa kọ̀ǹpútà yẹn. Ẹ mú páálí àti gègé."

Bẹ́ẹ̀ ló máa ń bẹ̀rẹ̀. Ó ní ẹni tí kò bá ro ilé kó tó kọ́ ọ, ojú fèrèsé ni yóò máa gbà wọlé.

"Ẹ bi ara yín ní ìbéèrè méjì," ó wí. "Kí ló wà? Kí ló ṣẹlẹ̀?"

Mo rò ó. "Èèyàn wà. Ẹrù wà. Yíyá ló ṣẹlẹ̀."

"Ìwé yìí wá kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sórí ìlà kan. Ẹ tú wọn ká. Èèyàn lórí páálí tirẹ̀, ẹrù lórí páálí tirẹ̀, yíyá lórí páálí tirẹ̀. Ẹ kọ èèyàn kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan péré, kí ẹ sì fún un ní nọ́ńbà tí ẹlòmíì ò ní. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún ẹrù kọ̀ọ̀kan. Tí ẹ bá dé orí páálí yíyá, nọ́ńbà èèyàn àti nọ́ńbà ẹrù nìkan lẹ máa kọ síbẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́. Tí Alhaji Mukhtar bá kó ilé, ibì kan ṣoṣo lẹ máa tún ṣe."

"Orúkọ ò tó?"

"Kò tó, Màmá. Orúkọ máa ń jọra. Obìnrin a lọ sílé ọkọ, orúkọ a yí. Bàbá kan a lọ Mẹ́kà, a padà dé, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ tún pè é láìsí Alhaji. Nọ́ńbà kì í lọ sílé ọkọ, kì í lọ Mẹ́kà."

Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín tán, nítorí mo ti ń rántí gbogbo fáìlì tí mo ti jà gùdù lé lórí ní tẹ́ṣàn, tí ẹni kan, ẹrù kan àti ìwà ọ̀daràn kan so kọ́ ara wọn bí okùn àgbò. Ká ní ẹnì kan ti bi mí ní ìbéèrè méjì yẹn nígbà náà!

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í tú wọn ká. Mukhtar, nọ́ńbà tirẹ̀. Ẹni tó tẹ̀ lé e, nọ́ńbà tirẹ̀. Ní gbogbo ìgbà ni mo ń bi ara mi pé: ṣé mo ti kọ ẹni yìí rí? Àdírẹ́sì àti fóònù ń dá mi lóhùn. Iṣẹ́ náà ń lọ wọ́ọ́rọ́wọ́, títí mo fi dé ọ̀dọ̀ àwọn tí n kò lè fún ní nọ́ńbà, torí n kò mọ ẹni tí wọ́n jẹ́. Eyínfúnjowó nìkan kọ́. Mo tún rí Ọpẹ́lẹ́ńgẹ́, tó yá ọ̀pá ìtìlẹ̀. Mo rí Adúmáradán, tó yá àga onítáyà. Wọn ò ní fóònù, wọn ò ní àdírẹ́sì, Aqeelah ló sì tẹ gbogbo wọn.

"Òkú òru mẹ́ta, orúkọ tí kò ní èèyàn," Ọ̀rẹ́dọlá wí. "Ọ̀rọ̀ Rùfáì ti burú sí i nìyẹn."

"Rárá o. Wo ẹ̀gbẹ́ ibí." Mo fi hàn án. "Ọpẹ́lẹ́ńgẹ́ ti dá ọ̀pá padà. Adúmáradán ti dá àga padà. Nítorí pé wọ́n dá a padà ni kò fi sí ẹni tó wo orúkọ wọn. Olè wo ló ń hùmọ̀ òkú òru kó lè yá ọ̀pá, tí òkú òru náà á tún gbé ọ̀pá wálé?"

Ojú ọmọbìnrin náà tàn. "Èèyàn gidi ni wọ́n nígbà náà."

"Èèyàn gidi ni wọ́n. Sọ fún mi, ìgbà wo ni akọ̀wé kì í bèèrè àdírẹ́sì ẹni?"

"Tó bá mọ ilé rẹ̀."

"Ìgbà wo ni ọmọbìnrin tó mọ ilé rẹ̀, tó mọ̀ ọ́n dáadáa, kò ní kọ orúkọ rẹ̀?"

Ó ronú. Ọ̀rẹ́dọlá kò tíì lọ́kọ, n kò sì dá a lẹ́bi. Èmi ni mo dáhùn fúnra mi, mo sì pariwo dé ibi pé kíláàsì tó múlé tì wá yọjú: "Tó bá jẹ́ ọmọ ilé ọkọ rẹ̀ ni!"

Ẹ̀yin àgbà mọ̀ ọ́n. Ìyàwó ilé kì í pe ọmọ ilé ọkọ rẹ̀ lórúkọ, ì báà jẹ́ ọmọ ọwọ́ ló bá nílé. Orúkọ tó bá wù ú ló máa fún un. Àbúrò ọkọ tèmi ṣì ń mu ọmú nígbà tí mo débẹ̀. Akọ̀wé ni mo ń pè é títí dòní, bẹ́ẹ̀ ọ̀gbẹ́ni náà kì í kọ lẹ́tà. Ṣùgbọ́n àṣà náà ti ń kú. Àwọn ìyàwó òde òní ti sọ ọ́ di bọ̀dá àti àǹtí, ìdí nìyẹn tí kò fi wá sọ́kàn ẹnikẹ́ni pé ọmọ tó kàwé jáde ní yunifásítì lè gbé e dé iwájú kọ̀ǹpútà. Kọ̀ǹpútà ní kó kọ orúkọ. Ọ̀wọ̀ ò jẹ́ kó kọ ọ́.

Mo dì mọ́ Ọ̀rẹ́dọlá, mo sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹni pé òun ló bí mi. Ó ní, "Màmá, iṣẹ́ àṣetiléwá nìyẹn, ẹ ò tíì parí páálí ẹrù."

*

Ilé Ògúnbáyọ̀ ni Aqeelah lọ́kọ sí ní Atikori. Mo bá Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá ọkọ rẹ̀, lórí àga ní ọ̀ọ̀dẹ̀, ó ń ṣa obì tó ti bàjẹ́ kúrò lára èyí tó dára. Mo kúnlẹ̀ kí i, mo bèèrè ọmọ tuntun, mo gbàdúrà fún un, kí n tó sọ ohun tó gbé mi wá.

"Ìyá mi, ta ni ìyàwó yín ń pè ní Eyínfúnjowó lí ulé yìí?"

Ẹ̀rín bú lẹ́nu ìyá. "Olúfúnmi ọma mi ni! Jẹ́ kó rẹ́rìn-ín sí ọ, wàá rí i fúnra rẹ. Kí ló ṣe?"

"Ọpẹ́lẹ́ńgẹ́ ńkọ́?"

"Ọ̀kan nínú àwọn ọma ọma mi ni, ó já lórí ọ̀kadà lẹ́nu àìpẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti san. Èmi gan-an ni Adúmáradán, kò yọ èmi ìyá àgbà náà sílẹ̀." Ó na apá rẹ̀ tó dúdú tó ń dán sí mi. "Ọma náà kàwé, síbẹ̀ ó mọ ilé ọkọ. Inú mi dùn sí i lọ́pọ̀lọpọ̀."

Mo jókòó sílẹ̀. Gbogbo òkú òru mi ló wà láàyè, ọ̀kan ń fi obì lọ̀ mí.

"Olúfúnmi dà báyìí?"

"Ó wà nílé ọkọ rẹ̀ ní Ìbíadé, lí ìhà omi. Bàbá ọkọ rẹ̀ ni kò lè mí dáadáa. Aqeelah ló bá a rí ẹ̀rọ kan gbé."

A pe fóònù rẹ̀, kò lọ. Ìyá Àgbà ní ìhà ibẹ̀ yẹn, nẹ́tíwọ́ọ̀kì máa ń wá bí àlejò. Jímọ̀ ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Mo wọ mọ́tò.

*

Kí n tó rí ẹ̀rọ náà ni mo ti gbọ́ ọ. Ó ń kùn nínú yàrá kékeré kan tí wọ́n gbé sólà sórí òrùlé rẹ̀, àmì Ẹgbẹ́ Aláàánú sì wà lára rẹ̀ gbàǹgbà. Bàbá kan fẹ̀yìn ti ìrọ̀rí, okùn afẹ́fẹ́ wà nímú rẹ̀. Obìnrin tó ń fún un lómi gbójú sókè. Nígbà tó gbọ́ pé Òkè-Àgbò ni mo ti wá, omi tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ dà sílẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì gbé e lọ. Aqeelah ní tí wọ́n bá gbádùn ni kí n dá a padà. Wọn ò tíì gbádùn."

"N kò wá gbé e, ọmọ mi. Ìwọ ni Eyínfúnjowó?"

Ẹ̀rù bà á síbẹ̀, ṣùgbọ́n orúkọ yẹn mú un rẹ́rìn-ín. Ó dára tí Ìyá Àgbà ti kìlọ̀ fún mi. Eyín obìnrin náà funfun débi tí mo fi fẹ́ béèrè ohun tó fi ń fọ̀ ọ́.

Mo rọra ṣàlàyé fún un. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ ni omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. "Ọkùnrin tó gbé e sínú mọ́tò fún wa nínú òjò yẹn? Ó bọ́ aṣọ òjò ọrùn rẹ̀, ó fi bo ẹ̀rọ, òjò pa òun fúnra rẹ̀. Òun ni wọ́n ń pè lólè?"

Rùfáì kò sọ èyí fún mi. Kò sọ ọ́ fún ọlọ́pàá, kò sọ ọ́ fún Alhaji. Ó ṣeé ṣe kó má rò pé ó jẹ́ ohun tí èèyàn ń sọ.

Bàbá tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì gbé ọwọ́. A sún mọ́ ọn. Ó mí, ó sinmi, ó tún mí.

"Ẹ bá mi kí i," ó wí. "Ẹ ní... mo ṣì ń mí."

Mo jáde síta kí wọ́n má baà rí ojú mi. Mo ti mú ọ̀pọ̀ ọ̀daràn láyé mi, wọ́n sì ti fún mi ní ìwé ìyìn. Kò sí èyí tó wọ̀ mí lára tó gbólóhùn yẹn.

*

Lọ́jọ́ Jímọ̀, mọ́ṣáláṣí kún. Mo ti bá Alhaji Jubril sọ̀rọ̀ láàárọ̀, mo sì ti gbé àwọn páálí mi síwájú rẹ̀, ti èèyàn, ti ẹrù, ti yíyá. Ó wò wọ́n títí, ó wá béèrè pé ṣé Olúfúnmi lè wá. Mo ní ó ti wà lọ́nà, aládùúgbò ló ń tọ́jú bàbá. Láti ibi tí àwa obìnrin jókòó sí, mo rí Rùfáì lẹ́yìn pátápátá, ó dorí kodò. N kò tíì sọ fún un. Alhaji ló bẹ̀ mí pé kí n jẹ́ kí òun fi ẹnu òun sọ ọ́.

Wọ́n kírun tán, Alhaji tiro dìde.

"Mo ṣèlérí pé màá dárúkọ Rùfáì lónìí," ó wí. Raheemah tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi di aṣọ mi mú. "Mo fẹ́ mú ìlérí mi ṣẹ. Rùfáì, dìde kí wọ́n rí ọ. Ọkùnrin yìí kò jalè. Èmi ni mo jẹ gbèsè àforíjì, mo sì ń tọrọ rẹ̀ níwájú Ọlọ́run àti níwájú àwọn àna rẹ̀. Ẹ gbọ́ ohun tó ṣe."

Olúfúnmi sọ ọ́ láti ẹ̀yìn aṣọ tó pààlà: òjò, mọ́tò, aṣọ òjò. Lẹ́yìn náà ló jẹ́ iṣẹ́ bàbá ọkọ rẹ̀, ó ní, "Wọ́n ní kí n kí yín. Wọ́n ní àwọn ṣì ń mí."

Alhaji fi kọ́kọ́rọ́ lé Rùfáì lọ́wọ́. Rùfáì fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. Àna rẹ̀ ló kọ́kọ́ dìde lọ dì mọ́ ọn, Raheemah sì ń sunkún lé èjìká mi, ó ń wí pé, "Ẹ ṣé, Màmá, ẹ ṣé." Mo ní kó lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọ̀rẹ́dọlá ní Ago-Ìwòyè. Mo sì sọ ọ́ tọkàntọkàn. Ẹni tó bá kọ́ àgbàlagbà ní bí a ṣe ń béèrè ohun tó wà àti ohun tó ṣẹlẹ̀, ó ti ṣe é lóore tí kò lè san tán.

Ọ̀rẹ́dọlá fúnra rẹ̀ ló wá bá Farouk gbé páálí mi wọ inú kọ̀ǹpútà. Nígbà tí ara Aqeelah yá, ó pè mí. Ó sunkún, ó tọrọ àforíjì títí, ó wá bi mí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ bóyá ó ti di dandan fún òun báyìí láti máa pe ọmọ ilé ọkọ lórúkọ.

"Rárá, ìyàwó wa," mo wí. "Máa pè wọ́n bí o ṣe ń pè wọ́n. Nọ́ńbà yóò mọ̀ wọ́n."

Ọjọ́ tí a ṣí yàrá náà padà, ẹni àkọ́kọ́ tó tiro débẹ̀ ni Alhaji Jubril. Orúnkún rẹ̀ ti kọ iṣẹ́ pátápátá, ó fẹ́ yá ọ̀pá ìtìlẹ̀. Ojú tì í láti wo Rùfáì. Rùfáì lọ sídìí ògiri, ó yẹ àwọn ọ̀pá wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó yan èyí tó dára jù, ó fi aṣọ nu eruku ara rẹ̀ títí ó fi ń dán. Lẹ́yìn náà ló fa àga sún mọ́ Alhaji.

"Nọ́ńbà yín ńkọ́, Alhaji?"

"N kò ní."

"Ẹ jókòó, sà," Rùfáì wí, ó sì di àga náà mú fún un. "Ẹ jẹ́ kí wọ́n fún yín ní tiyín."